Àkeekèé Tí Kò Ní Ìwé Orúkọ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí bá ẹranko náà mu. Ní London, New York àti ọ̀pọ̀ ìlú òkèèrè mìíràn, àwọn èèyàn wà tí wọ́n ń sin àkeekèé nínú àpótí onígíláàsì bí àwa ṣe ń sin ajá tàbí adìẹ. Ẹni tó bá ra àkeekèé tí kò sí ìwé orúkọ lára àpótí rẹ̀ yóò ní ìbéèrè mẹ́ta láti dáhùn. Ẹ̀yà wo ni? Ǹjẹ́ oró rẹ̀ lè pa èèyàn? Níbo ni wọ́n ti mú un? Ó gba àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí 250 ọdún kí wọ́n tó lè dáhùn ìbéèrè méjì àkọ́kọ́ dáadáa. Ìkẹta ṣì le títí di òní, nítorí ìwé kékeré tó sọnù yẹn ló ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan. Ọ̀kan lára àwọn àkeekèé tí wọ́n fẹ́ràn jù láti máa sìn ní òkèèrè, ará ilé wa ni. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un ni Pandinus imperator. Ó ń gbé ní Gíní, Côte d'Ivoire, Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà. Dúdú ni, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi òróró pa á lára, ó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 20 láti orí dé ìrù. Ó fẹ́ràn ihò abẹ́ igi àti inú ọ̀gán, níbi tí ó ti ń rí ikán jẹ. Kì í yé ẹyin. Ọmọ ààyè ló ń bí, àwọn ọmọ náà funfun nígbà tí wọ́n bá dé ayé, ẹ̀yìn ìyá wọn sì ni wọ́n ń gùn. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, irú àkeekèé ńlá dúdú báyìí ni àwọn àgbà ń pè ní òjògán.

Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ sọ ìtàn bí ayé ṣe kọ́ láti dá àkeekèé mọ̀, kí n sì fi hàn pé orúkọ ẹranko kò pé bí a kò bá mọ ilé tí ó ti wá.

Ẹni tí a gbọ́dọ̀ fi bẹ̀rẹ̀ ni Carl Linnaeus, ọmọ orílẹ̀-èdè Swídìn. Ní ọdún 1758, ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀, Systema Naturae, jáde ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá, ó sì fún ẹranko kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì. Orúkọ àkọ́kọ́ dà bí orúkọ ìdílé, èkejì sì dà bí orúkọ tí a sọ ọmọ fúnra rẹ̀. Ìwọ̀nba àkeekèé díẹ̀ ni Linnaeus mọ̀, abẹ́ orúkọ ìdílé kan ṣoṣo, Scorpio, ni ó sì kó gbogbo wọn sí. Ọ̀kan nínú wọn ni Scorpio maurus, àkeekèé àríwá Áfíríkà, tó ń jẹ́ orúkọ náà títí di òní. Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀: nígbà tí àwọn onímọ̀ ṣe àkójọ gbogbo orúkọ àkeekèé ayé sínú ìwé kan ní ọdún 2000, ẹ̀yà 1,259 ni wọ́n kà. Lónìí, ó ti ju 2,500 lọ.

Ó kan àkeekèé tiwa ní ọdún 1841. Ọ̀gbẹ́ni Carl Ludwig Koch, ará Jámánì kan tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ jẹ mọ́ àbójútó igbó, ni ó ṣe àpèjúwe rẹ̀ nínú ìwé, ó sì pè é ní Buthus imperator. Imperator ní èdè Látìn ni ọba tó ń jọba lórí àwọn ọba. Ó dájú pé títóbi rẹ̀ ló jẹ́ kí ó gba irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1841 yìí kan náà, ọmọ Yorùbá kan, Samuel Àjàyí Crowther, wà nínú ọkọ̀ ojú omi tó gòkè Odò Ọya pẹ̀lú àwọn òyìnbó. Ní ọdún 1843, ìwé rẹ̀ tó kó àwọn ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jọ jáde. Nígbà tí wọ́n ń fi èdè Látìn sọ àkeekèé wa lórúkọ ní Jámánì, ọmọ tiwa ń kó àwọn orúkọ tí a ti ń pe nǹkan tẹ́lẹ̀ sínú ìwé. Iṣẹ́ méjèèjì wúlò, ṣùgbọ́n Látìn ni gbogbo ayé gbà, òun náà sì ni wọ́n ń kọ sára àpótí.

Orúkọ Koch kò dúró pátápátá. Ní ọdún 1876, Tord Thorell, ọmọ Swídìn mìíràn, dá ìdílé tuntun sílẹ̀ tó pè ní Pandinus, inú rẹ̀ ni àkeekèé wa sì wà títí di òní. Buthus tí Koch lò wá di orúkọ àkeekèé mìíràn pátápátá, àwọn tí ọwọ́ ẹ̀mú wọn tín-ín-rín tí oró wọn sì le. Ẹni tó bá ka ìwé àtijọ́ láìmọ ìtàn yìí lè rò pé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Lẹ́yìn Thorell ni Reginald Pocock dé, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun àdáyébá ní London. Ní ọdún 1888 ó ṣe àpèjúwe èyí tó pè ní dictator, ní ọdún 1899 ó ṣe àpèjúwe gambiensis, èyí tó túmọ̀ sí ará Gáḿbíà. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ wa ní àkókò náà. Ní 1884 sí 1885 ni àwọn òyìnbó jókòó ní Berlin láti fi òfin de bí wọn yóò ṣe máa gba ilẹ̀ ní Áfíríkà. Bí ilẹ̀ ti ń bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni ẹranko àti ewéko ilẹ̀ náà ń bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilé àkójọ wọn. Níbi tí ẹni tó kó wọn bá ti kọ orúkọ ìlú àti ọjọ́ sára ìgò, ìmọ̀ wà níbẹ̀. Níbi tí kò bá ti kọ ọ́, òkú ẹranko lásán ló wà nínú ìgò.

Orúkọ nìkan sì lè ṣi ènìyàn lọ́nà. Àkeekèé kan wà tí wọ́n ń pè ní Hottentotta hottentotta. Ọdún 1787 ni Fabricius sọ ọ́ lórúkọ. Hottentot ni orúkọ tí àwọn òyìnbó ayé ìgbà náà fi ń pe àwọn ènìyàn Khoikhoi ní gúúsù Áfíríkà, orúkọ tí àwọn tó ni ún kò fẹ́ gbọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ìwọ̀ oòrùn àti àárín gbùngbùn Áfíríkà ni àkeekèé yìí ń gbé, ó sì wà ní Nàìjíríà níbí. Ẹni tó bá fi orúkọ nìkan wá ilé rẹ̀ yóò dé òpin ilẹ̀ Áfíríkà láìrí i.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ni gbogbo wàhálà orúkọ yìí wà fún. Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀mí ènìyàn. Ní ọdún 1909, Charles Todd ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ń pa oró àkeekèé ní Íjíbítì, níbi tí àkeekèé ti ń pa àwọn ọmọdé. Oró tí wọ́n bá fi ṣe oògùn bẹ́ẹ̀ ni oògùn náà mọ̀ jù lọ. Oògùn tí wọ́n fi oró ẹ̀yà kan ṣe lè má ran ẹni tí ẹ̀yà mìíràn ta lọ́wọ́. Nítorí náà, dókítà tó mọ irú àkeekèé tó wà ní agbègbè rẹ̀ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kí aláìsàn tó dé.

Nípa bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣe mọ àmì kan tí ojú lásán lè rí. Àkeekèé tí ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ tín-ín-rín tí ìrù rẹ̀ sì sanra, oró ló gbẹ́kẹ̀ lé láti fi pa ẹran. Òun ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù. Èyí tí ọwọ́ ẹ̀mú rẹ̀ sanra tí ìrù rẹ̀ sì kéré, agbára ọwọ́ ló ń lò. Òjògán wa wà nínú ìpín kejì yìí. Títa rẹ̀ máa ń dun ènìyàn bí ìgbà tí oyin bá ta á, kì í sì í sábà ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí ara rẹ̀ dá. Síbẹ̀, àmì yìí kì í ṣe òfin tí kò ní yẹ̀, oró díẹ̀ sì lè mú ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á. Àwọn àgbà tó ní àkeekèé kò ṣé dì ní ìbàǹtẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ọmọdé tí àkeekèé bá ta, ilé ìwòsàn ló yẹ kí a gbé e lọ, irú àkeekèé yòówù kó jẹ́.

Ohun kejì tí ìtàn fún wa ni ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún 1954, Mario Pavan ní Ítálì àti Lawrence ní Gúúsù Áfíríkà kọ ọ́ sínú ìwé pé bí a bá tan irú iná aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n fi ń yẹ owó ayédèrú wò sí àkeekèé lára nínú òkùnkùn, gbogbo ara rẹ̀ yóò tàn bí ewé tútù tí iná wà nínú rẹ̀. Ṣáájú èyí, ẹni tó fẹ́ wá àkeekèé ní láti máa yí òkúta àti igi lulẹ̀ kiri. Lẹ́yìn rẹ̀, tọ́ọ̀ṣì kan tó láti rí wọn lóru. Ṣùgbọ́n iná yìí ń sọ fún wa pé àkeekèé ni. Kò sọ ẹ̀yà tó jẹ́, nítorí pé òjògán ń tàn, àwọn tó ń pa ènìyàn náà sì ń tàn.

Ẹni tó wá fún wa ní àmì tó dájú ni Max Vachon, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé àkójọ ohun àdáyébá ní Paris. Lára ọwọ́ ẹ̀mú gbogbo àkeekèé, irun gígùn tín-ín-rín kan wà tó hù láti inú ihò kékeré. Irun náà ni àkeekèé fi ń mọ̀ bí afẹ́fẹ́ bá mì, bí ẹran tàbí ọ̀tá bá ń bọ̀. Vachon rí i pé irun yìí kò hù ṣákálá. Iye rẹ̀ àti ibi tó wà máa ń bá ìdílé àkeekèé lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1973, ó to gbogbo rẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì pè wọ́n ní A, B àti C. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lè ka ihò irun bí ìgbà tí a ń ka ilà ojú láti mọ ìdílé ẹni.

Èyí ló ran wa lọ́wọ́ láti yanjú àríyànjiyàn tó wọ́pọ̀ jù nípa àkeekèé dúdú inú àpótí. Ní Íńdíà, Thailand, Malaysia àti àwọn ilẹ̀ tó sún mọ́ wọn, àkeekèé ńlá dúdú wà tó jọ tiwa púpọ̀. Heterometrus ni wọ́n ń pe ìdílé wọn fún ìgbà pípẹ́, kí Lorenzo Prendini àti Stephanie Loria tó pín wọn sí ìdílé púpọ̀ sí i ní ọdún 2020. Oníṣòwò lè ta èyí tó wá láti Éṣíà ní orúkọ ti Áfíríkà. Ẹni tó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ọwọ́ ẹ̀mú òjògán wa rí gbágungbàgun, ó ní kókó wẹ́wẹ́wẹ́, ó sì máa ń pọ́n díẹ̀. Ti Éṣíà máa ń dán, ó sì máa ń jọ̀lọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iyèméjì bá kù, kí ó ka ihò irun, torí tiwa pọ̀ ju tiwọn lọ. Kò sì pọn dandan kí ó pa ẹranko náà. Àkeekèé máa ń bọ́ awọ bí ó ṣe ń dàgbà, gbogbo ihò irun náà sì wà lára awọ tó bọ́. Ó lè wo abẹ́ ikùn pẹ̀lú, níbi tí ohun méjì tó dà bí òòyà wà, kí ó ka eyín òòyà náà. Iye eyín yìí wà lára ohun tí wọ́n fi ń ya imperator, dictator àti gambiensis sọ́tọ̀.

Nígbà tí ó bá ka gbogbo èyí tán, kí ni yóò mọ̀? Yóò mọ ẹ̀yà rẹ̀. Yóò mọ bóyá akọ ni tàbí abo. Yóò mọ̀ pé kò ní pa òun. Kò ní mọ̀ bóyá etí igbó kan ní Gánà ni wọ́n ti wú u jáde, tàbí ọ̀gán kan ní Benin. Èyí ni mo kà sí àdánù tó tóbi jù.

Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ òjògán tí wọ́n ń sìn ní òkèèrè ni wọ́n kó láti Gánà, Tógò àti Benin. Òwò náà pọ̀ débi pé ayé ní láti dá sí i. Àdéhùn kan wà tó ń ṣàkóso òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, tí wọ́n ń pè ní CITES. Ọdún 1973 ni wọ́n fọwọ́ sí i ní Washington, Nàìjíríà sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà á wọlé, ní 1974, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Ní ọdún 1994, wọ́n pinnu láti fi àkeekèé wa sí Àfikún Kejì àdéhùn náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì ọdún 1995. Kì í ṣe imperator nìkan. Wọ́n fi dictator àti gambiensis kún un, nítorí pé wọ́n jọra púpọ̀. Aṣọ́bodè tó wà ní pápákọ̀ òfurufú kò ní àyè láti máa ka eyín òòyà àkeekèé. Bí a bá dáàbò bo ọ̀kan nìkan, oníṣòwò yóò pe ọ̀kan ní èkejì.

Òfin yìí kò ní kí òwò náà dúró. Ó ní kí ìwé máa bá ẹranko rìn. Lórí ìwé náà, lẹ́tà kan wà tó ń sọ orísun rẹ̀: W fún èyí tí wọ́n mú nínú igbó, C fún èyí tí àwọn òbí tó wà ní ilé ọ̀sìn bí, R fún èyí tí wọ́n mú láti inú igbó ní kékeré tàbí kí wọ́n tó bí i, tí wọ́n wá tọ́ dàgbà. Lẹ́tà kan ṣoṣo ló dúró fún gbogbo ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀. Nígbà tí àpótí bá dé ọwọ́ ẹni tó rà á, ó ṣeé ṣe kí lẹ́tà náà pàápàá ti sọnù. Abo tó lóyún tí wọ́n bá sì mú nínú ọ̀gán, oyún inú rẹ̀ ló bá a lọ. Ọ̀gán náà yóò ṣófo, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣófo.

Ní ọdún 2014, Wilson Lourenço, tó ń ṣiṣẹ́ ní Paris, sọ pé àkeekèé dúdú kan ní Kamẹrúùnù tí wọ́n ti ń pè ní imperator, ẹ̀yà tirẹ̀ ló dá dúró. Ó fún un ní orúkọ camerounensis. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ibi tí wọ́n ti mú un ló jẹ́ kí ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Bí àkeekèé náà bá ti wà nínú àpótí kan láìsí ìwé, ta ni ì bá mọ̀ pé ó yàtọ̀?

Ìlera wa pàápàá wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ kan ní Mẹ́síkò kéde pé wọ́n rí ohun kan nínú oró Pandinus imperator tó ń dá kòkòrò ibà dúró láti dàgbà nínú ìdánwò. Scorpine ni wọ́n pè é. Irú kòkòrò ibà tó ń mú eku ni wọ́n fi dán an wò, kò sì tíì di oògùn tí a lè rà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí i: nínú oró ẹranko tí a ń fi pátákó bàtà pa lẹ́yìn ilé wa ni wọ́n ti rí i. Ẹni tó bá fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe gbọ́dọ̀ mọ̀ dájú pé àkeekèé ọwọ́ òun ni imperator. Bí orúkọ ara àpótí bá jẹ́ irọ́, gbogbo iṣẹ́ tó tẹ̀lé e ti di irọ́.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ọ̀tá ni àkeekèé, pé ẹni tó bá rí i kó pa á, kó má bi í léèrè orúkọ. N kò bá wọn jà lórí èyí tó bá wọ yàrá ọmọdé. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, a kò lè mọ ìgbà tó ń dínkù. Òkèèrè mọ iye owó òjògán wa. Àwa tí a bá a gbé ilẹ̀ kan náà ni kò mọ iye ọ̀gán tó ṣì kù tó ní i nínú.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìtàn yìí ni pé Koch, Thorell, Pocock àti Vachon ṣe iṣẹ́ tó dára, wọ́n sì dáhùn ìbéèrè tí ojú àti awò lè dáhùn. Ìbéèrè "ará ibo ni?" wà lọ́wọ́ wa. Kò gba owó púpọ̀. Yàrá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kọ̀ọ̀kan àti ilé-ìwé girama kọ̀ọ̀kan lè ní ìgò díẹ̀, ọtí sípírítì líle fún ìtọ́jú òkú àkeekèé, àti bébà. Lórí bébà náà, kí wọ́n kọ orúkọ abúlé, ọjọ́, ibi tí wọ́n ti rí i, orúkọ ẹni tó rí i, àti orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Bí wọ́n kò bá tíì mọ orúkọ Látìn rẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún un. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lè dé lẹ́yìn ogún ọdún, yóò sì bá àyè náà níbẹ̀. Orúkọ abúlé ni kò ṣeé fi sílẹ̀ de ọ̀la, nítorí kò sí awò tí yóò bá wa rí i.